Ta Ni “A” Nínú “Àrùn tí A Pa Tì”?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo àwa tí a ń kọ̀wé sínú ìwé àtìgbàdégbà yìí ni a mọ òwe náà, a sì máa ń pa á nígbà tí a bá fẹ́ ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀-ìperí tuntun gbọ́dọ̀ bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu. “Ilé” tí a ń wò nígbà náà ni gírámà: bóyá àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tọ̀nà, bóyá ìpajẹ fáwẹ́lì wáyé bí ó ti yẹ, bóyá ọ̀rọ̀ náà kò gùn jù. N kò sọ pé kò yẹ kí a wo gbogbo ìwọ̀nyí. Ohun tí mo fẹ́ fi àròkọ yìí sọ ni pé ilé mìíràn tún wà tí a kì í sábà wò, èyí nì ni ilé ẹni tí orúkọ náà yóò bà lé lórí. Bí ó bá jẹ́ àrùn ni a ń sọ lórúkọ, ẹni náà wà láàyè, ó ní ẹbí, ó ní ẹgbẹ́, ó sì ní etí tí yóò fi gbọ́ ohun tí a pè é.

Àṣìṣe tèmi ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mo ń bá wí.

Ní ọdún 2016, àwọn kan tí ń ṣètò ìlera fún àwọn abúlé etí òkun gbé ìwé pélébé kan wá fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Àrùn ẹsẹ̀ kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní tungiasis ni ìwé náà dá lé. Ó sọ pé kòkòrò kan ni ó ń fà á, pé àwọn ọmọdé ni ó ń yọ lẹ́nu jù, àti pé bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, èékánná lè bọ́, àwọn ọmọ-ìka ẹsẹ̀ sì lè bàjẹ́. Mo jókòó sí ọ́fíìsì mi. Mo wá orúkọ náà nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí ó wà nítòsí mi, n kò rí i. Dípò kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀, mo ṣe ohun tí a ti kọ́ wa láti máa ṣe: mo ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Mo pè é ní “àrùn ajẹ̀ka-ẹsẹ̀”. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “a-” wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe “jẹ” wà níbẹ̀, àbọ̀ rẹ̀, “ìka ẹsẹ̀”, wà níbẹ̀. Mo ní ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ ohun tí àrùn náà ń ṣe. Mo tilẹ̀ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá dáradára.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 2018, mo lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ wò ní abúlé kan ní agbègbè Àgbádárìgì. Mo rí ìwé mi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dùn ni akẹ́kọ̀ọ́ tí mo wá bẹ̀ wò sọ fún mi pé, “Sà, ọmọ kan wà tí kò wá sí ilé-ìwé mọ́ nítorí ìwé yìí.”

Ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ ni ọmọ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, èékánná mẹ́ta ti bọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń tẹlẹ̀ nítorí pé kò lè fi ọmọ-ìka kan ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka ohun tí ó wà lára ògiri, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ délé fún àwọn òbí wọn. Ní abúlé yẹn, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àrùn tí ó máa ń wá sí ọkàn ènìyàn bí a bá ti sọ pé nǹkan ń jẹ ìka ni ẹ̀tẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn òbí ti wá bá olórí ilé-ìwé pé àwọn kò fẹ́ kí ọmọ àwọn bá adẹ́tẹ̀ jókòó. Wọ́n ní kí ọmọ náà máa lọ sílé ná. “Ná” yẹn ti di oṣù méjì nígbà tí mo dé ibẹ̀.

Ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ ni ó ń tọ́ ọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò tíì dáhùn tán tí ó fi ní, “Ẹ dákun, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má wọlé o. Wọ́n ní ohun tí ó ń ṣe ọmọ mi a máa ran ènìyàn.”

Mo ní, “Màmá, ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?”

Ó ní, “Ìwé ni ó sọ bẹ́ẹ̀.”

N kò lè sọ fún un lọ́jọ́ náà pé èmi ni mo kọ ìwé náà. Mo bi í léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe irú àrùn yìí nígbà èwe rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi yà á lẹ́nu. Ó ní, “Jìgá ni à ń pè é. Ta ni jìgá kì í wọ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé? Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Ti ọmọ yìí ni ó pọ̀ jù. Mo yọ ọ́, yọ ọ́, títí ojú mi kò fi ríran mọ́. Nígbà tí wọ́n wá ní ajẹ̀ka ni, mo ní bóyá kì í ṣe jìgá tí èmi mọ̀ ni.”

Gbólóhùn tí ó sọ kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Obìnrin yìí mọ àrùn tí ń ṣe ọmọ rẹ̀. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ibi tí ó ti ń wá, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀dá ni ó gba ìmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀rù rọ́pò rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí jìgá jẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà nínú ilé oní-símẹ́ǹtì kò mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Jìgá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò aláìníyẹ̀ẹ́ tí ń fò mọ́ ènìyàn àti ẹranko láti mu ẹ̀jẹ̀. Kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ. Inú iyanrìn àti erùpẹ̀ gbígbẹ ni ó ti ń dàgbà. Abo rẹ̀ ni ó ń wọ ara. Yóò fi orí gún awọ ẹsẹ̀, yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì fi ihò bíńtín kan sílẹ̀ lẹ́yìn, èyí tí ó ń gbà mí, tí ó ń gbà yàgbẹ́, tí ó sì ń gbà yé ẹyin. Níbẹ̀ ni yóò ti máa wú fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá títí yóò fi tóbi tó ẹ̀wà. Ẹyin tí yóò yé lè ju 100 lọ. Àwọn ẹyin wọ̀nyí yóò bọ́ sílẹ̀, wọn yóò di ìdin nínú erùpẹ̀, ìdin yóò sì padà di jìgá láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Abo tí ó wọ ara kò tún ní jáde mọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà yóò kú sínú awọ, awọ yóò sì máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹsẹ̀ yóò yún ènìyàn, yóò sì dùn ún fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wọlé lójoojúmọ́, tí ó wá pọ̀ lábẹ́ èékánná, láàárín ọmọ-ìka àti ní gìgísẹ̀, àwọn kòkòrò àrùn mìíràn yóò bá ihò wọ̀nyí wọlé. Ẹsẹ̀ yóò wú, yóò di ọyún, èékánná yóò bọ́, ọmọ-ìka yóò sì wọ́. Ojú egbò yìí ni àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì tún lè gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ kan náà tí a fi ń yọ jìgá fún ọmọ márùn-ún nínú ilé kan lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú tàbí kòkòrò àrùn éèdì láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Nítorí náà, ohun tí àwọn àgbà ń ṣe kò burú ní ìpìlẹ̀, abẹ́rẹ́ tí a kò fọ̀ mọ́ ni ewu rẹ̀.

A bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ ní ìlú tí ó wà nítòsí. Ó wá. Ó fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fi abẹ́rẹ́ mímọ́ yọ àwọn jìgá tí ó ṣì wà láàyè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tọ́jú ojú egbò, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí oṣù kejì tó parí, ẹsẹ̀ náà ti rọ̀, ọmọ náà sì ti ń fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tí kò ní oró tó bẹ́ẹ̀ wà pẹ̀lú. Òróró kan ni, tí wọ́n ń pè ní dimeticone, tí a ń kán sí ojú ihò jìgá kí ó má baà lè mí mọ́. Àwọn olùwádìí dán an wò lára àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, 78 nínú ọgọ́rùn-ún jìgá tí a kán òróró náà sí kò fi àmì ìyè hàn mọ́. Ní ti ẹsẹ̀ tí a rì bọ omi egbòogi aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, 39 péré ni nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí ẹsẹ̀ bá sàn, tí ilẹ̀ kò sì yí padà, jìgá yóò tún wọlé. Ìdí nìyí tí ìwòsàn ọmọ yìí kò fi parí sí ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ará ilé kó ẹlẹ́dẹ̀ wọn sínú ọgbà, nítorí pé jìgá a máa wọ ẹlẹ́dẹ̀, ajá àti eku bí ó ti ń wọ ènìyàn. Wọ́n da símẹ́ǹtì sí ilẹ̀ yàrá tí ọmọ náà ń sùn. Ẹnìkan ra bàtà tí ó bo ọmọ-ìka fún un. Ìyá àgbà sì ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní alaalẹ́, bí òun fúnra rẹ̀ ti rí i tí ìyá tirẹ̀ ń ṣe.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn kan nínú wa yóò ní “jìgá” kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi, pé ọ̀rọ̀ àyálò ni. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti apá gúúsù àti àwọn erékùṣù Kàríbíánì ni kòkòrò náà ti wá. Láti inú èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ti mú orúkọ rẹ̀, ọ̀nà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì dà bí ẹni pé ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí ni ti ọkọ̀ ojú omi kan, Thomas Mitchell, tí ó ti Bùràsíìlì dé Ambriz ní ilẹ̀ Àǹgólà ní ọdún 1872 pẹ̀lú iyanrìn nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni jìgá ti tàn ká etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ó sì bá àwọn arìnrìn-àjò la àárín ilẹ̀ kọjá, títí ó fi dé ìlà-oòrùn kí ọ̀rúndún náà tó parí. Àlejò ni kòkòrò náà, àlejò sì ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó ti bá wa gbé títí tí ìyá àgbà abúlé fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó, tí ó sì mọ ohun tí a ń ṣe sí i, ti di onílé. Ọ̀rọ̀ tèmi, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, ni ó jẹ́ àjèjì ní abúlé náà.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ni ó rọrùn jù lọ láti kọ́lé lé lórí. Ní 2003, àwọn olùwádìí kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Fortaleza ní ilẹ̀ Bùràsíìlì pín ìrìn àjò jìgá nínú awọ sí ìpele márùn-ún. Mo ti gbìyànjú láti sọ wọ́n lédè Yorùbá fún ìwé mi tuntun báyìí: jìgá tí ń wọlé, jìgá olójú dúdú, nígbà tí àmì dúdú bíńtín bá hàn lára awọ tí ó ń yún, jìgá tí ó gbó, nígbà tí ó bá wú tí ó funfun yí ojú dúdú náà ká, òkú jìgá, àti àpá jìgá. Mo kà wọ́n fún ìyá àgbà náà. Mẹ́rin nínú wọn kò gba àlàyé kankan. Èyí tí ó ṣe àtúnṣe sí ni ẹ̀kẹta, tí mo ti kọ́kọ́ pè ní “jìgá tí ó pọ́n”. Ó ní nǹkan tí ó funfun kò pọ́n. Mo gbà.

Bí mo ti wá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé orúkọ mẹ́rin ni ọmọ yẹn gbọ́ nípa ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. “Ajẹ̀ka”, tí gbogbo ènìyàn gbọ́ sí ẹ̀tẹ̀, di ẹ̀bi náà ru ọmọ fúnra rẹ̀: òun ni ewu, òun ni kí a sá fún. “Àrùn ọ̀bùn”, tí àwọn olùkọ́ méjì kan ń pè é lójú mi, dì í ru ìyá àgbà, bí ẹni pé kì í gbálẹ̀. Obìnrin náà a máa gbálẹ̀ lárààárọ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn ni ilẹ̀ náà, bí a bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, iyanrìn náà ni yóò kù. “Jìgá” di ẹ̀bi ru kòkòrò. Orúkọ yìí sàn jù, nítorí pé kòkòrò ni a lè yọ, òun ni a sì lè dènà. Orúkọ kẹrin ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé fi ń pe jìgá pẹ̀lú àwọn àrùn mìíràn bí i tirẹ̀, òun ni ó sì fún mi ní àkọlé àròkọ yìí.

Gbogbo wa mọ̀ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àkójọ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí wọn kò rí ìtọ́jú tó yẹ. Nígbà tí wọ́n tẹ ìròyìn àkọ́kọ́ wọn lórí àwọn àrùn wọ̀nyí jáde ní 2010, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kà. Jìgá kò sí níbẹ̀. Ọdún 2017 ni ó tó wọlé, lábẹ́ ìsọ̀rí àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń gbé ní awọ ara. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2007 ti fi hàn pé ní abúlé kan ní agbègbè Àgbádárìgì kan náà, àwọn tí jìgá wà lẹ́sẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tí a yẹ̀ wò.

Báwo ni kí a ṣe pe irú àwọn àrùn wọ̀nyí ní Yorùbá? Mo ti gbọ́ “àrùn àpatì” lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ó kúrú, ó dùn-ún gbọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ sì ni. Àwọn mìíràn ń sọ pé “àrùn tí a pa tì”. Èyí gùn jù ú lọ, awẹ́-gbólóhùn sì wà nínú rẹ̀, èyí tí a máa ń sọ pé kò yẹ ọ̀rọ̀-ìperí. Síbẹ̀, òun ni mo fara mọ́, ìdí tí mo sì fi fara mọ́ ọn nìyí.

Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò sọ pé a ti pa àrùn náà tì láì sọ ẹni tí ó pa á tì. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà láti yọ olùwà kúrò kí gbólóhùn sì dúró. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ náà lè rò pé ìwà àrùn náà ni, bí ẹni pé láti ọjọ́ tí ó ti dáyé ni ó ti wà ní pípatì. “Àpatì” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ìṣe di orúkọ, ó sì fi olùṣe pamọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀-ìṣe náà sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń sọ ọ́, dandan ni kí a fi olùwà sí i. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ pa á tì. Arọ́pò-orúkọ méjì ni a sì lè yàn nínú wọn: “wọ́n” tàbí “a”. Bí a bá ní “àrùn tí wọ́n pa tì”, a ti nàka sí ìjọba, a ti nàka sí àwọn Òyìnbó tí ń ṣe oògùn, a sì ti gba ara wa sílẹ̀. Bí a bá ní “àrùn tí a pa tì”, a wà níbẹ̀.

Mo mọ àtakò tí yóò wáyé. Àwọn onímọ̀ gírámà yóò ní “a” nínú irú gbólóhùn yìí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pàtó, pé kò yàtọ̀ sí “a” tí ó wà nínú “à ń wò” tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n “a” tí kò tọ́ka sí ẹni pàtó kò yọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ó gbà pé òun pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wo ilé. Ẹni tí ó bá ní àrùn tí a pa tì, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ṣe tàbí tí òun kò ṣe. Ní tèmi, mo mọ̀ ọ́n.

Àpẹẹrẹ wà nílé pé ohun tí a pa tì ṣeé padà sí. Ní 1988, àwọn tí sòbìà ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí a kà lé ní 650,000. Ẹni tí ó ṣe kẹ́yìn jẹ́ ti ọdún 2008, nígbà tí ó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Omi tí ó mọ́, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, àti àwọn ará abúlé tí ń lọ láti ilé dé ilé ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́kọ́ kọ́ orúkọ tuntun kí ó tó mọ ohun tí a ń bá a sọ. Sòbìà ni baba ńlá wọn ń pè é, sòbìà ni a bá wọn pè é.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin atúmọ̀-èdè. Èkíní, bí a bá gbé àrùn kan wá fún wa láti sọ lórúkọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣe, kí ó tó di pé a ṣí ìwé gírámà. Èkejì, kí a tó tẹ ọ̀rọ̀ tuntun kan jáde, kí a kà á sí etí ẹni mẹ́wàá tí kò ka ìwé, kí a sì bi wọ́n pé, “Kí ni ẹ gbọ́?” Kì í ṣe pé, “Ṣé ó yé yín?”, nítorí pé ọ̀rọ̀ “ajẹ̀ka-ẹsẹ̀” yé gbogbo ènìyàn, ohun tí ó yé wọn ni kò tọ̀nà. Ẹ̀kẹta, kí a máa padà lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé. Ọdún méjì gbáko ni ọ̀rọ̀ mi fi wà lára ògiri láì jẹ́ pé mo mọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, fi hàn wá pé inú kíláàsì ni a ti ń dán èdè wò. Ògiri kíláàsì náà wà nínú rẹ̀.

Mo padà sí abúlé náà ní 2019. Èékánná méjì ti hù padà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Ẹ̀kẹta kò tíì hù, ọmọ-ìka kan sì wọ́ díẹ̀, bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe wà. Ó ti wà ní kíláàsì kẹta. Nígbà tí mo dé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ dúró kí mi pẹ́. Ìwé tuntun ti wà lára ògiri, “Jìgá” ni àkọlé rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni mo tó sọ fún ìyá àgbà pé èmi ni mo kọ ìwé ti àkọ́kọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ ti yí i padà, àbí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.” Ó ní, “Ní abúlé yìí nìkan ni, àbí níbi gbogbo?”

N kò ní èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo ti ń kọ lẹ́tà kiri láti ìgbà náà sí àwọn ilé-ìwé tí a pín ìwé àkọ́kọ́ náà fún, mo sì ti gba púpọ̀ nínú wọn padà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá rí èyí tí ó kù lára ògiri níbikíbi, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi já a sílẹ̀.